Òróró Ólífì, Ọ̀rá Ara àti Ọpọlọ: Ìbéèrè Tí Àwọn Ará Ìlọrin Máa Ń Bi Mí, àti Ìdáhùn Wọn

Ilé oògùn ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní ọ̀nà Táíwò, ní Ìlọrin níbí. Kò sí ọ̀sẹ̀ tí ẹnìkan kò ní wọlé wá béèrè òróró ólífì. Ẹnìkan fẹ́ fi pa ara ọmọ, ẹlòmíràn fẹ́ gbé e lọ bá pásítọ̀ fún àdúrà, ẹlòmíràn ní sàìtúnì, bí wọ́n ṣe ń pè é lédè Lárúbáwá, ni àlùfáà ní kí òun rà. Láìpẹ́ yìí, ìbéèrè mìíràn ti ń pọ̀ sí i. Àwọn tó sanra, tàbí tí ìyá wọn sanra, ti gbọ́ pé òróró yìí máa ń dáàbò bo ọpọlọ. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n kò rí bí wọ́n ṣe ń gbé e kiri. Mo kó àwọn ìbéèrè náà jọ síbí, mo sì dáhùn wọn bí mo ṣe máa dáhùn wọn lójúkojú.

Kí ló pa sísanra àti ọpọlọ pọ̀? Ṣebí ikùn ni ọ̀rá wà, orí sì ni ọpọlọ wà?

Ẹ̀jẹ̀ ló so wọ́n pọ̀. Ọpọlọ kò ju nǹkan bí ìdá 2 nínú 100 ìwọ̀n ara ènìyàn lọ, síbẹ̀ òun nìkan ló ń jẹ nǹkan bí ìdá 20 nínú 100 agbára tí ara ń lò. Ẹ̀jẹ̀ ló ń gbé oúnjẹ àti atẹ́gùn lọ bá a tọ̀sán-tòru. Ohunkóhun tó bá ba ẹ̀jẹ̀ tàbí iṣan ẹ̀jẹ̀ jẹ́, ọpọlọ á jẹ níbẹ̀.

Ọ̀rá inú ikùn kì í jókòó lásán. Èyí tó wà lábẹ́ awọ, tí ọwọ́ lè fún, kò burú tó èyí tó wà nínú lọ́hùn-ún, tó yí ẹ̀dọ̀ àti ìfun ká. Ọ̀rá inú yẹn a máa tú àwọn èròjà kan sínú ẹ̀jẹ̀ tó ń pe àwọn ọmọ ogun ara jáde, bí ẹni pé àrùn ti wọlé. Bẹ́ẹ̀, àrùn kankan kò wọlé. Nígbà tí ọmọ ogun bá sì wà lójú ogun láti ọdún dé ọdún láìrí ọ̀tá, àwọn ará ilé ni wọ́n máa ń ṣe léṣe. Ògiri iṣan ẹ̀jẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í le, ínsúlínì, tó ń darí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, ò ní lè ṣiṣẹ́ rẹ̀ bó ṣe yẹ mọ́, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ á máa gòkè, ẹ̀jẹ̀ ríru á sì tẹ̀ lé e.

Ọpọlọ ní odi tirẹ̀ tó ń yan ohun tó máa gbà wọlé láti inú ẹ̀jẹ̀. Nínú eku tí wọ́n fi oúnjẹ ọlọ́ràá bọ́ títí tí wọ́n fi sanra, wọ́n ti rí i pé odi yìí a máa jò, àti pé àwọn ọmọ ogun tó jẹ́ ti ọpọlọ fúnra rẹ̀ náà á dìde. Apá ibi tí ìrántí ti ń dúró, tí àwọn dókítà ń pè ní hippocampus, wà lára ibi tó máa ń fara gbá níbẹ̀.

Ṣé gbogbo ẹni tó sanra ló máa ṣarán lọ́jọ́ alẹ́?

Rárá o. Ẹni tó sanra wà tí iyè rẹ̀ pé títí dé 90 ọdún, ẹni tó tẹ́ẹ́rẹ́ náà sì wà tó ń ṣarán. Ohun tí sísanra ṣe ni pé ó ń fi kún ewu.

Ní 2024, ìgbìmọ̀ tí The Lancet, ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn, gbé kalẹ̀ ka ohun 14 tó ń fa àìsàn ìgbàgbé tó sì ṣeé wá nǹkan ṣe sí. Sísanra jù wà níbẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ, ọ̀rá búburú nínú ẹ̀jẹ̀, àìlo ara, sìgá àti ọtí àmujù wà níbẹ̀. Àìgbọ́ràn dáadáa, àìríran dáadáa, ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, dídá wà láìrí ẹni bá sọ̀rọ̀, àìkàwé tó, èéfín inú afẹ́fẹ́ àti ìṣeléṣe orí náà wà níbẹ̀. Wọ́n ní bí a bá lè mú gbogbo wọn kúrò, nǹkan bí ìdá 45 nínú 100 àìsàn ìgbàgbé ni a lè dènà tàbí kí a sún síwájú. Ẹ wo bí ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ àti ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ ṣe máa ń bá sísanra rìn. Ẹni tó bá fọwọ́ mú ọ̀kan, ó ti fọwọ́ kan àwọn yòókù.

Nǹkan kan wà tí àwọn ọmọ kì í fura sí. Láàárín ọjọ́ orí, nǹkan bí 40 sí 60 ọdún, ni sísanra ti máa ń ba ọ̀la jẹ́ jù. Tí ìyá àgbà ẹni 75 ọdún tó ti sanra tẹ́lẹ̀ bá wá ń rù láìjẹ́ pé ó fẹ́ rù, ẹ má dúpẹ́ pé ìyá ti ń fúyẹ́. Nígbà mìíràn, rírù bẹ́ẹ̀ a máa ṣáájú àìsàn ìgbàgbé. Ẹ gbé wọn lọ sí ọsibítù.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé mo ti sanra jù? Nílé wa, ẹni tó bá sanra ni wọ́n ń kí pé ayé ń yẹ.

Mo mọ̀ dáadáa. Lóde ìgbéyàwó, àǹtí kan á di ẹ mú lápá, á ní "O ti ń jẹun o, ọkọ ń tọ́jú ẹ." Ìfẹ́ ló fi sọ ọ́, ṣùgbọ́n iṣan ẹ̀jẹ̀ kò gbọ́ oríkì.

Ìṣirò tí ọsibítù ń lò ni pé kí ẹ fi gíga yín ní mítà sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, kí ẹ wá fi pín ìwọ̀n yín ní kìlógíráàmù. Obìnrin tó ga ní mítà 1.60 tó wọn kìló 80, tirẹ̀ jẹ́ bí 31. Láti 25 sókè, ó ti pọ̀. Láti 30 sókè, ó ti di àìsàn tó yẹ kí a tọ́jú.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù kò nílò ìṣirò kankan. Ẹ wá okùn tí kì í nà. Ẹ bọ́ bàtà, ẹ dúró ṣánṣán, kí ẹnìkan fi okùn náà wọn yín láti gìgísẹ̀ dé àtàrí, kó sì gé e níbẹ̀. Ẹ ká a sí méjì dọ́gbadọ́gba, ẹ gé e láàárín. Ìdajì kan ni ẹ máa fi yí ikùn ká, lórí ara gan-an, kì í ṣe lórí ìró tàbí ṣòkòtò: ibi tó wà láàárín egungun ìhà tó kẹ́yìn àti orí egungun ìbàdí. Ẹ mí síta wọ́ọ́rọ́wọ́, ẹ má fa ikùn sínú. Tí orí okùn méjèèjì bá pàdé, ó dára. Tí wọn ò bá pàdé, ikùn yín ti ju ìdajì gíga yín lọ nìyẹn, ọ̀rá inú tí mo ń sọ ti wà níbẹ̀. Mo ti rí ọkùnrin tí apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ tí okùn kò sì pàdé lára rẹ̀.

Kí ló wà nínú òróró ólífì tí kò sí nínú òróró ẹ̀pà wa?

Ọ̀rá rẹ̀ fúnra rẹ̀ kì í ṣe nǹkan àràmàǹdà. Èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ni oleic acid, tó máa ń wà láàárín ìdá 55 sí 83 nínú 100. Oleic acid yìí wà nínú òróró ẹ̀pà náà dáadáa, ó sì tó nǹkan bí ìdá 40 nínú 100 nínú epo pupa. Ìyàtọ̀ ni pé nǹkan bí ìdajì epo pupa ló jẹ́ irú ọ̀rá tó máa ń dì, nígbà tí irú ọ̀rá bẹ́ẹ̀ kò ju nǹkan bí ìdá 14 nínú 100 lọ nínú òróró ólífì.

Ohun tó sọ ólífì di gbajúmọ̀ jẹ́ àwọn èròjà kéékèèké tí kò tó nǹkan rárá nínú ìgò. Polyphenol ni àpapọ̀ orúkọ wọn. Hydroxytyrosol ni ọ̀kan, oleuropein ni èkejì, oleocanthal ni ẹ̀kẹta. Àwọn mìíràn wà. Ara èso ólífì ni wọ́n ti ń wá, torí pé wọ́n kàn ń lọ èso náà ni, wọ́n á fún òróró rẹ̀ jáde láìlo kẹ́míkà. Òróró tó bá jáde bẹ́ẹ̀ tó sì dára jù ni wọ́n ń pè ní extra virgin. Èyí tí wọ́n bá tún fi ooru àti kẹ́míkà fọ̀ mọ́, tí kò ní òórùn tí kò ní adùn, àwọn èròjà yẹn ti bá ìfọ̀ lọ.

Ẹ lè fi ẹnu yín mọ̀ ọ́n. Ẹ da díẹ̀ sínú ṣíbí, ẹ fà á sẹ́nu pẹ̀lú atẹ́gùn, ẹ jẹ́ kó yí ahọ́n ká kí ẹ tó gbé e mì. Èyí tó dára máa ń rùn bí ewé tútù, ó máa ń korò díẹ̀ lẹ́bàá ahọ́n. Lẹ́yìn bí ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, ọ̀nà ọ̀fun á ta yín, ẹlòmíràn á wúkọ́. Oleocanthal ló ń ta báyẹn. Ní 2005, Gary Beauchamp àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn Nature pé títa náà jọ bí ibuprofen olómi, oògùn ìrora, ṣe máa ń ta ọ̀fun, àti pé ọ̀nà kan náà ni èròjà yìí àti ibuprofen ń gbà pẹ̀tù sí ara tó ń wú. Gíráàmù 50 òróró tó ní i dáadáa kò ju nǹkan bí ìdá 10 nínú 100 ìwọ̀n ibuprofen àgbàlagbà lọ. Nítorí náà kò lè wo ẹ̀fọ́rí. Ohun tí wọ́n ń wò ni ohun tí díẹ̀díẹ̀ bẹ́ẹ̀ lè ṣe tí ènìyàn bá ń jẹ ẹ́ lójoojúmọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Báwo wá ni àwọn èròjà yẹn ṣe ń ṣiṣẹ́ lórí ọpọlọ?

Lára eku ni wọ́n ti rí èyí tó pọ̀ jù. Nínú sẹ́ẹ̀lì, ìyẹn ẹyọ kéékèèké tó para pọ̀ di ara, hydroxytyrosol a máa dín ìpalára tí àṣẹ́kù oúnjẹ tí wọ́n ń sun fún agbára ń fà kù, ó sì ń ran ibi tí sẹ́ẹ̀lì ti ń ṣe agbára lọ́wọ́. Oleuropein náà máa ń mú kí àwọn ọmọ ogun ara tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan rọlẹ̀. Ní ti oleocanthal, wọ́n rí i lára eku pé ó ń ran odi ọpọlọ lọ́wọ́ láti kó amyloid jáde, ìyẹn pàǹtí tó máa ń dì sínú ọpọlọ ẹni tó ní Alzheimer, irú àìsàn ìgbàgbé tó wọ́pọ̀ jù.

Ó dára, ó sì fúnni ní ìrètí. Ṣùgbọ́n eku kì í ṣe ènìyàn, èròjà tí wọ́n sì ń fún eku sábà máa ń pọ̀ ju èyí tí a lè rí nínú ọbẹ̀. Lára ènìyàn, hydroxytyrosol kì í pẹ́: láàárín wákàtí díẹ̀, ara ti sọ ọ́ di nǹkan mìíràn, ó sì ti bá ìtọ̀ jáde. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi rò pé mímu ún lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ lè ṣe nǹkan gidi.

Àjọ Ilẹ̀ Yúróòpù gbà kí àwọn tó ń tà á kọ ohun kan ṣoṣo sára ìgò nípa polyphenol rẹ̀, pé ó ń ran ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ kó má bàa bàjẹ́. Àní, ó gbọ́dọ̀ ní ó kéré tán míligíráàmù 5 hydroxytyrosol àti ìdílé rẹ̀ nínú gíráàmù 20 òróró. Wọn ò sọ nǹkan kan nípa ọpọlọ níbẹ̀.

Ṣé wọ́n ti dán an wò lára ènìyàn?

Wọ́n ti dán an wò. Ẹ jẹ́ kí n tò ó bó ṣe rí, torí pé ibí gan-an ni WhatsApp ti máa ń gé ọ̀rọ̀ sí méjì tí á fi ìdajì ránṣẹ́.

Ní Spain, wọ́n ṣe ìwádìí kan tó ń jẹ́ PREDIMED, ènìyàn 7,447 ló wà níbẹ̀, púpọ̀ nínú wọn ló sanra tàbí tó ní àtọ̀gbẹ. Wọ́n ṣẹ́ gègé pín wọn. Wọ́n ń fún apá kan ní extra virgin, lítà 1 lọ́sẹ̀ fún ìdílé kan. Wọ́n fún apá kejì ní álímọ́ńdì àti irú rẹ̀. Wọ́n ní kí apá kẹta dín ọ̀rá kù. Àwọn méjì àkọ́kọ́ kò ní àrùn ọkàn àti rọpárọsẹ̀ tó apá kẹta. Èsì náà jáde ní 2013, wọ́n fà á sẹ́yìn ní 2018 torí pé ìpín náà kò lọ bó ṣe yẹ ní àwọn ibì kan, wọ́n tún un ṣírò, wọ́n sì tún un tẹ̀ jáde. Kókó rẹ̀ kò yí padà. Ní 2015, wọ́n gbé èsì ti ọpọlọ jáde lórí ènìyàn 447 nínú wọn tí wọ́n tẹ̀ lé fún nǹkan bí ọdún 4. Ìrònú àti ìrántí àwọn tó wà ní apá kẹta lọ sílẹ̀. Àwọn tó ń jẹ òróró ólífì ṣe dáadáa jù wọ́n lọ.

Ní Amẹ́ríkà, àwọn olùwádìí Harvard wo àkọsílẹ̀ ènìyàn 92,383 fún ọdún 28, wọ́n gbé e jáde ní 2024. Àwọn tó ń jẹ ju gíráàmù 7 òróró ólífì lọ lójúmọ́, bí ìdajì ṣíbí ìjẹun ńlá, ni ewu kí àìsàn ìgbàgbé pa wọ́n fi ìdá 28 nínú 100 kéré sí ti àwọn tí kì í jẹ ẹ́. Àmọ́ wíwò ni wọ́n wò wọ́n, wọn ò pín ẹnikẹ́ni. Ẹni tó ń ra òróró ólífì ní Amẹ́ríkà lè jẹ́ ẹni tó lówó díẹ̀, tó ń lọ sọ́dọ̀ dókítà déédéé, tó sì ń rìn fún ìlera. Wọ́n gbìyànjú láti yọ ìyẹn kúrò nínú ìṣirò, kò sì ṣeé yọ tán.

Èyí tí kì í dé orí WhatsApp ni ìwádìí MIND, tó jáde ní 2023. Ènìyàn 604 ni, wọ́n ti pé 65 ọdún, gbogbo wọn ló wúwo ju bó ṣe yẹ lọ, àìsàn ìgbàgbé sì ti wà nínú ìdílé wọn rí. Àwọn gan-an ni ọ̀rọ̀ wa yìí kàn. Wọ́n fún apá kan ní oúnjẹ tí òróró ólífì, ẹ̀fọ́, ẹ̀wà àti ẹja wà nínú rẹ̀. Wọ́n ní kí apá kejì jẹ ohun tí wọ́n ń jẹ tẹ́lẹ̀. Àwọn méjèèjì ni wọ́n ràn lọ́wọ́ láti dín oúnjẹ kù díẹ̀. Lẹ́yìn ọdún 3, ìyàtọ̀ gidi kankan kò sí láàárín wọn. Àwọn méjèèjì ló fọn, àwọn méjèèjì ni iyè wọn já sí i díẹ̀.

Bí mo ṣe rí i sí rèé: òróró ólífì tó jẹ́ ojúlówó wà lára oúnjẹ tó dára fún iṣan ẹ̀jẹ̀, ohun tó bá sì dára fún iṣan ẹ̀jẹ̀ dára fún ọpọlọ. Pé òun nìkan lè gba ọpọlọ ẹni tó sanra lọ́wọ́ ìgbàgbé, láìjẹ́ pé nǹkan mìíràn yí padà, kò sí ìwádìí tó fi èyí hàn lára ènìyàn.

Àwọn bàbá wa kò mọ ólífì, síbẹ̀ iyè wọn pé. Ṣé kò wá pọn dandan?

Ìbéèrè yìí dùn mọ́ mi, torí pé àwọn oníṣègùn wa ti ṣe iṣẹ́ lé e lórí. Láti 1992, Yunifásítì Ìbàdàn àti àwọn ará Indianapolis ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé àwọn àgbàlagbà láti 65 ọdún sókè: àwọn Yorùbá ní Ìbàdàn, àti àwọn aláwọ̀ dúdú ní Indianapolis. Ọ̀jọ̀gbọ́n Osuntokun wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Adesola Ogunniyi sì wà lára àwọn tó gbé e dé èbúté. Ní 2001, wọ́n gbé èsì jáde nínú JAMA, ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn Amẹ́ríkà. Nínú 100 ènìyàn lọ́dọọdún, àìsàn ìgbàgbé mú 1.35 ní Ìbàdàn, ó mú 3.24 ní Indianapolis. Kò sí òróró ólífì nínú ìṣasùn àwọn ará Ìbàdàn yẹn. Ohun tó hàn ni pé wọn ò sanra tó àwọn ti Amẹ́ríkà, ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ wọn kéré sí i, ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ wọn náà kéré. Ìyẹn nìkan kò fi hàn pé oúnjẹ ló ṣe é, ṣùgbọ́n ọ̀nà tó ń tọ́ka sí hàn kedere.

Ìgbé ayé tí wọ́n gbé náà ni a ń fi sílẹ̀ yìí. Ẹni tí bàbá rẹ̀ ń fẹsẹ̀ rìn lọ sóko ní Ìgbómìnà ń gun ọ̀kadà láti ilé dé orí títì báyìí. Mínírà ti wọ gbogbo òde, búrẹ́dì ti gba ipò ẹ̀kọ.

Wọ́n ní kí n máa mu ṣíbí kan láràárọ̀ pẹ̀lú omi ọsàn wẹ́wẹ́ kí ọ̀rá ikùn lè yọ́. Ṣé òótọ́ ni?

Kì í ṣe òótọ́. Òróró kì í yọ́ ọ̀rá. Ọ̀rá ni òun fúnra rẹ̀. Ṣíbí ìjẹun ńlá kan ní nǹkan bí kálórì 120. Tí ẹ bá fi í lé oúnjẹ tí ẹ ń jẹ tẹ́lẹ̀ láìyọ nǹkan kan kúrò, ẹ máa sanra sí i ni. Ibi tó ti ń ṣèrànwọ́ ni tí ó bá rọ́pò òróró mìíràn, tàbí bọ́tà, tàbí májarín.

Èwo ni kí n rà?

Ẹ wo ọ̀rọ̀ extra virgin lára ìgò, nọ́ńbà NAFDAC, àti ọjọ́ tó máa bàjẹ́. Kí ìgò rẹ̀ ṣókùnkùn, torí pé ìmọ́lẹ̀ ń pa àwọn èròjà yẹn. Ẹ má sì ra èyí tí wọ́n tò sínú oòrùn níwájú ṣọ́ọ̀bù. Ìgò kékeré tí wọ́n ń tà fún etí tàbí awọ ara, tí wọ́n kọ BP sí (British Pharmacopoeia, ìwé ìlànà oògùn, kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ ríru), kì í ṣe fún ọbẹ̀. Tí wọ́n bá kọ pomace, ìyẹn òróró tí wọ́n yọ lára pàǹtí ólífì tí wọ́n ti fún, tàbí olive oil lásán, èyí tí wọ́n fọ̀ mọ́ ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Àwọn kan ní kí ẹ gbé e sínú fíríjì, pé tó bá dì, ojúlówó ni. Ẹ má gbára lé e. Ẹnu àti ọ̀fun yín mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ: tí kò bá korò tí kò sì ta rárá, èròjà tí ẹ torí rẹ̀ rà á kò tó nǹkan níbẹ̀.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ṣí i, ẹ dé e pa, ẹ gbé e síbi tó tutù, tó jìnnà sí sítóòfù, ẹ sì lò ó tán láàárín oṣù díẹ̀. Ìgò kékeré tí ẹ máa lò tán sàn ju ńlá tó máa dúró dọdún.

Ṣé mo lè fi dáná?

Ẹ lè fi ṣe ọbẹ̀ tí iná rẹ̀ kò pọ̀, kò ní di májèlé. Ṣùgbọ́n ooru a máa dín polyphenol kù, ẹ ò sì ní náwó púpọ̀ tán kí ẹ wá fi dín dòdò. Èyí tí mo máa ń sọ fún àwọn oníbàárà ni pé kí wọ́n sọ ẹ̀fọ́ kalẹ̀ ná, kí wọ́n wá da ṣíbí kékeré kan sí i lórí kí wọ́n tó bù ú. Ó ń bá ẹ̀wà rírọ̀ lọ, ó ń bá iṣu sísè lọ, ó sì ń bá gbẹ̀gìrì lọ ju bí ẹ ṣe rò. Nínú ewédú, èmi ò fẹ́ràn rẹ̀.

Lásìkò ààwẹ̀ ńkọ́? A máa ń fi sàìtúnì sínú sààrì.

Kò burú. Gbogbo wa la mọ ipò tí igi yìí ní nínú Àlùkùránì, Ọlọ́run fi í búra nínú Súrátù Tíìnì. Ẹ fi sórí ẹ̀wà tàbí ẹ̀fọ́ sààrì dípò òróró mìíràn. Ohun tó ń sọ ènìyàn di ọlọ́ràá nínú Ramadan ni àkàrà dídín, mínírà àti ṣúgà inú kókò nígbà ìṣínu. Sàìtúnì díẹ̀ kò lè pa wọ́n rẹ́. Ẹni tó bá ní àtọ̀gbẹ, kó rí dókítà rẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀.

Tí mo bá fi pa orí, ṣé ó máa dé ọpọlọ?

Kò ní dé ibẹ̀. Awọ orí ló máa jẹ ẹ́.

Mi ò lówó rẹ̀. Kí ni kí n ṣe?

Èyí ni ìbéèrè tó kan ọ̀pọ̀ wa. Ẹ má ta nǹkan nílé nítorí ìgò ólífì, ẹ má sì rò pé ẹ ti pàdánù.

Òróró ẹ̀pà tó mọ́, tí ẹ rà lọ́wọ́ ẹni tí ẹ mọ̀, ọ̀rá rẹ̀ dára. Ohun tó ń bà á jẹ́ ni bí a ṣe ń lò ó. Òróró tí wọ́n ti fi dín àkàrà ní àárọ̀, tí wọ́n fi dín ẹja ní ọ̀sán, tó ti dúdú tó sì ń hó yọ fọ́ọ̀mù, ẹ dà á nù. Ẹ lo ṣíbí láti fi wọn òróró sínú ìkòkò. Ẹ má da á láti inú gálọ́ọ̀nù tààrà. Nínú ilé tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ síí fi ṣíbí wọn ọ́n, ẹnu á yà wọ́n bí òróró oṣù kan ṣe máa wọ oṣù kejì. Májarín ńkọ́? Ìlànà NAFDAC ti 2022 kò gba kí trans fat, ọ̀rá tó burú jù fún ọkàn, ju ìdá 2 nínú 100 ọ̀rá inú oúnjẹ lọ. Síbẹ̀ ẹ fi í sílẹ̀ tí ẹ bá lè ṣe é.

Polyphenol kì í ṣe ti ólífì nìkan. Ó wà nínú ewúro, nínú tẹ̀tẹ̀, nínú ẹ̀wà pupa, nínú ọkà bàbà pupa, nínú zóbò tí kò ní ṣúgà. Kì í ṣe irú kan náà, mi ò sì ní sọ pé iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe, àmọ́ awo tí ẹ̀fọ́ pọ̀ nínú rẹ̀ ju òkèlè lọ dára fún iṣan ẹ̀jẹ̀. Ẹja panla àti ṣawá wà ní Ìpata àti Ọjà Ọba. Ẹ jẹ wàrà, ẹ má dín in ní gbogbo ìgbà.

Kí ẹ tó ra òróró kankan, ẹ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò. Láàárín gbogbo ohun tí mo ń tà ní ṣọ́ọ̀bù, mi ò mọ èyí tó ń dáàbò bo ọpọlọ ẹni tó sanra tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì ń ru tó oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí wọ́n ń lò déédéé. Owó rẹ̀ kò sì pọ̀ tó ti ìgò ólífì ńlá kan lọ́pọ̀ ìgbà.

Mo ti ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ. Ṣé mo lè fi òróró yìí rọ́pò wọn?

Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ lè jẹ ẹ́ mọ́ ọn. Tí ẹ bá fọn dáadáa tí oúnjẹ sì yí padà, ẹ̀jẹ̀ àti ṣúgà lè lọ sílẹ̀, dókítà lè wá dín oògùn kù. Òun ni kó dín in kù, kì í ṣe ẹ̀yin. Ẹni tó bá ní òkúta nínú àpò òróǹro, kó béèrè kó tó máa gbé òróró mì ní ṣíbí-ṣíbí, torí ọ̀rá púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà lè mú kí inú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó gan-an.

Ìgbà wo ni ìgbàgbé ìyá mi kì í ṣe ti ọjọ́ orí mọ́?

Tí wọ́n bá gbàgbé ibi tí wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ sí tí wọ́n sì rántí nígbà tó yá, ìyẹn kò ju ti ọjọ́ orí lọ. Tí wọ́n bá ń ṣìnà nínú àdúgbò tí wọ́n ti gbé láti ọjọ́ yìí, tí wọ́n ń béèrè ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́ẹ̀mẹrin láàárín wákàtí kan, tí owó ọjà kò ní ìṣirò mọ́ fún ẹni tó ti ṣòwò fún ogójì ọdún, tàbí tí ìwà wọn ṣàdédé yí padà, ẹ má pè é ní àgbà tàbí ayé. Ẹ gbé wọn lọ. Ọsibítù ìjọba wà ní Ọ̀fà àti Ọ̀mù-Àrán. Ọsibítù Yunifásítì Ìlọrin ni wọ́n máa darí yín sí tó bá yẹ bẹ́ẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni àìsàn ìgbàgbé. Àìtó fítámì B12, àìsàn thyroid (ẹ̀yà ara kékeré kan níwájú ọrùn), ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, àìgbọ́ràn, àrùn ìtọ̀, àní oògùn oorun tàbí oògùn kàtá kan, gbogbo wọn lè ra iyè àgbàlagbà, wọ́n sì ṣeé tọ́jú. Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá ń lọ, ẹ kó gbogbo oògùn tí wọ́n ń lò sínú lailọ́ọ̀nù kan, títí kan àgbo àti èyí tí wọ́n rà lọ́wọ́ oníkiri, kí ẹni tó mọ̀ wọ́n jù nínú ilé sì tẹ̀ lé wọn lọ láti sọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀.